Ṣọ́ọ̀bù Tí Mo Pa Rẹ́

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Tí mo bá ní orúkọ ni mò ń tọ́jú, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi pàápàá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹbí rẹ̀, á ní ìyàwó òun ń gbowó oṣù nítorí pé ó mọ orúkọ èèyàn í pè. N kì í bínú, nítorí kò parọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ni mo wà, ní Olúyọ̀lé, a sì ń gbé oògùn fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì káàkiri Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti kọ́ọ̀dù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa. Èmi ni mò ń rí i pé orúkọ kan ò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, pé ṣọ́ọ̀bù Agbowó ò lọ jókòó sábẹ́ Challenge, pé tí ọ̀gá bá bèèrè iye oògùn ibà tí Bódìjà rà lóṣù tó kọjá, ìdáhùn tó máa jáde á jẹ́ òótọ́.

Iṣẹ́ tí kò hàn síta ni. Tí mo bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é dáadáa, àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan.

Ọ̀gá wa tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Dúpẹ́olúwa, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ó gbọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe sì wá ń yí lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: àwọ̀ ewé bí nǹkan bá dáa, pupa bí kò bá dáa. Dáṣíbọọ̀dù ló ń pè é. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń wo irú rẹ̀ kan náà láti ilé wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwọ̀ pupa ju bí a ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ó pè mí sí tábìlì rẹ̀.

“Madam Safiyyah, orúkọ àwọn oníbàárà wa ti rí wúruwùru jù. Ẹ wò ó, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. Báwo lẹnì kan ṣe máa jẹ́ oníbàárà mẹ́fà?”

“Ọ̀gá, kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ ni.”

Kò yé e, mo wá ṣàlàyé. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa torí inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí; oògùn ni ìyá mi tà ní Òkè-Àdó títí ó fi kú. Nídìí iṣẹ́ kẹ́míìsì tí a mọ̀, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tán tó sì gba òmìnira kì í já orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, orúkọ ọ̀gá ló máa wà lára pátákó rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ọ̀gá ló máa fún ilé iṣẹ́ tó bá ń rajà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀bùn ìparí ọdún lè máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó yájú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni, ọjà tirẹ̀ ni, mọ́tò wa sì ń gbé ọjà lọ bá a níbi tó wà.

“Ọ̀rọ̀ yẹn dáa,” ni Dúpẹ́olúwa wí, “ṣùgbọ́n dáṣíbọọ̀dù ò mọ ọ̀wọ̀. Nọ́ńbà kan, oníbàárà kan. Àwọn tí ẹ bá fẹ́ ká yọ sílẹ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ wádìí wọn, ẹ gba nọ́ńbà tiwọn, ẹ sì tò wọ́n sábẹ́ ọ̀gá wọn bí ẹ̀ka. Ìyókù, ẹ dà wọ́n pọ̀. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ rí i.”

Mi ò lè sọ pé ó rẹ́ mi jẹ. Ó fún mi láàyè. Ṣọ́ọ̀bù igba ó lé mẹ́rìnlá ni ọ̀rọ̀ náà kàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Mo pe Challenge, mo pe Ring Road, mo pe Dùgbẹ̀ àti Bódìjà. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà oníkẹ́míìsì á mọ̀ pé a kì í bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á kí mi, wọ́n á kí ọkọ mi, wọ́n á bi mí léèrè ọmọ mi, kí wọ́n tó wá nọ́ńbà ẹni tó gba òmìnira lọ́wọ́ wọn jáde láti inú ìwé kan tó ti gbó. Mo tò wọ́n sábẹ́ ọ̀gá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka lábẹ́ ẹ̀ka, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tó di Jímọ̀ náà, ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta, Ṣàngó àti Agbowó. Agogo mẹ́ta àbọ̀ ti lu. Òjò ṣú. Mo fẹ́ kọjá Challenge kí ọ̀nà tó dí. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé mi lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ń lé mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn àgbà sì ti sú mi. Mo fi àmì sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ó dá mi lójú. Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélọ́gọ́ta wọ inú orúkọ ọ̀gá wọn, wọ́n sì di àwátì. Mo gbé báàgì mi, mo sì délé kí òjò tó dé.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ara tẹlifíṣọ̀n náà ti di àwọ̀ ewé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n tẹ orúkọ mi sórí ìwé kan pé èmi ni òṣìṣẹ́ tó tayọ jù lọ lóṣù náà. Ìwé yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Oṣù kẹfà ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó oògùn, lọ́jọ́ Ajé kan. Oògùn ikọ́ olómi kan tí àwọn ọmọdé ń mu, tí à ń tà, ni wọ́n kọ ọ́ lé lórí. Ọmọ mẹ́rin ti mu ún ní ìlú mìíràn, wọn ò sì lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní i lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tà á mọ́, kó dá a padà kíákíá.

Mo gbọ́dọ̀ fún Dúpẹ́olúwa ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: kò fi falẹ̀. Ó yọ orúkọ gbogbo oníbàárà tó ra oògùn náà jáde, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó pín wọn fún àwa mẹ́fà láti pè. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti pe gbogbo wọn, mọ́tò sì ti ń kó ọjà náà padà bọ̀. Bí a bá ti pe ẹnì kan tó sì ní òun ti dá tòun padà, orúkọ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn. Mo rántí dáadáa pé inú mi dùn, pé mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé iṣẹ́ orúkọ pípè tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ló gba àwọn ọmọ ọlọ́mọ là.

Ọjà tó padà kò tó èyí tó jáde, ṣùgbọ́n a ò fi ṣe nǹkan kan. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti ta ìyókù, nítorí oògùn ikọ́ kì í pẹ́ lórí pẹpẹ lásìkò òjò.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó ti àwọn ìwé náà láti fi wọ́n pa mọ́. Alhaji Sàláwù, Ṣàngó: ó gba páálí mẹ́wàá, ó dá mẹ́rin padà. Mo tún un wò. Páálí mẹ́fà, ìgò mẹ́rìnlélógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ojúlé Alhaji kò jìnnà sí Poli, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Wọn ò tíì bímọ tó bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àwọn awakọ̀ sí, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé méjì ló wà lórúkọ Alhaji. Lára ọ̀kan, páálí mẹ́rin, Alhaji fọwọ́ sí i. Lára èkejì, páálí mẹ́fà, awakọ̀ fi bíírò kọ “Agbowó” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tó sì fọwọ́ sí i kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà róbótó-róbótó: Ọmọ́fẹ́.

Awakọ̀ kò mọ̀ pé mo ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ́. Ojú ọ̀nà ló mọ̀, ó sì ń gbé ọjà lọ bá obìnrin náà bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ọmọ́fẹ́ ní Agbowó, èmi ni mo sì sọ fún un pé kó má mọ̀. Mo ṣí orúkọ àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta ìjọ́sí, mo fi wọ́n wé ìwé àwọn awakọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òun nìkan ló ra oògùn náà nínú wọn.

Mo pe Alhaji Sàláwù.

“Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ—”

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé yẹn, tí wọ́n pè yín lé lórí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Mo dá tèmi padà lójú ẹsẹ̀. Páálí mẹ́rin ni, mi ò tíì já ìkankan.”

“Ti Ọmọ́fẹ́ ńkọ́?”

“Ọmọ́fẹ́ ti gba òmìnira láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ ń gbé ọjà fún un. Ṣé ẹ ò pè é ni?”

“Nọ́ńbà yín ló wà lọ́wọ́ wa, sà. Ẹ̀yin la pè.”

“Ẹni tó pè mí, ṣé ó dárúkọ Ọmọ́fẹ́ fún mi?” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ó ní, ‘Alhaji, ṣé ẹ ti dá tiyín padà?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

Irọ́ kọ́. Ó fún mi ní nọ́ńbà Ọmọ́fẹ́ gan-an, mo sì gbọ́ tó ń sọ “Lá ilàha illa Lọ́ọ̀” wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó tó pa fóònù. Mo pe nọ́ńbà náà. Fóònù rẹ̀ kò sí lórí ìlà. Mo tún pè é. Kò sí.

Dúpẹ́olúwa ń múra láti bá àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní agogo mẹ́wàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró.

“Ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó wo tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, bíi pé ó ń dúró dè é kó yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀. “Ẹ máa lọ,” ló wí. “Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀ tán ná.”

Mo wọ takisí Micra láti Ring Road lọ sí Dùgbẹ̀, mo wọ òmíràn láti Dùgbẹ̀. Ní Ṣàngó ọkọ̀ ò lọ mọ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà, mo sì ń pariwo létí ọlọ́kadà pé kó sáré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sáré. Gbogbo ọmọdé tí mo rí lójú ọ̀nà ni mò ń wò, tí mò ń wá ìgò lọ́wọ́ ìyá wọn. Wèrè èèyàn ni mo dà lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò fara pa mọ́. Ó wà lójú títì kékeré kan ní Agbowó, pátákó rẹ̀ tóbi, a ti lè rí i láti ọ̀kánkán: SÀLÁWÙ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ, KẸ́MÍÌSÌ. Wọ́n so àgbélébùú onígi kékeré mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Ọmọ́fẹ́ kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Nígbà tó rí orúkọ ilé iṣẹ́ lára aṣọ mi, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Àǹtí! Ẹ̀yin ọ́fíìsì ò wá síbí rí o. Ẹ jókòó. Iná ò sí láti àná, ǹ bá ra omi tútù fún yín.”

Oògùn náà wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí pẹpẹ iwájú, ibi tí ojú èèyàn máa kọ́kọ́ bà. Mo nawọ́ sí i. Mo sọ ohun tí lẹ́tà wí fún un. Ó fetí sí i títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá rọra jókòó sórí àpótí.

“Ọjọ́ wo ni lẹ́tà yẹn dé?”

“Ọjọ́ Ajé tó kọjá.”

“Ó pé ọ̀sẹ̀ kan lónìí.” Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?”

Mo ní àṣìṣe ni. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn.

Páálí márùn-ún ṣì wà ní dídì. Ó ti já ẹ̀kẹfà, ìgò mọ́kànlá sì ti jáde nínú rẹ̀. Mo ní a ò lè mọ àwọn tó rà á. Ọmọ́fẹ́ wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò yé e, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ní ìlà. Alhaji ló kọ́ ọ, ló wí. Oògùn ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ jáde láìkọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti ilé tí wọ́n ń gbé. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ó kọ wọ́n dáadáa, ọjọ́ àti àkókò wà lára rẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì kọ́ọ̀dù tí mò ń ṣọ́ ní Olúyọ̀lé, kò sí orúkọ ọmọ kan ṣoṣo. Ìwé ọgọ́ta ojú ewé ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó fún mi.

A ti ilẹ̀kùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ọmọ́fẹ́ ń ka orúkọ, èmi ń kó ìgò sínú báàgì. Ìyá àwọn ìbejì kan ò tíì ṣí tirẹ̀. Òmíràn ní ọmọ òun pọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun sì ti dà á nù. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì dì mọ́ ọn láìmọ̀ ọ́n rí. Àwọn méjì ti mu díẹ̀, a ní kí ìyá wọn gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àlàáfíà ni àwọn méjèèjì wà títí di òní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A rí mẹ́wàá.

Mo ti ṣàkíyèsí pé Ọmọ́fẹ́ ń fo orúkọ kan. Nígbà tó ku orúkọ náà nìkan, ó dúró láàárín ọ̀nà.

“Bọ́sẹ̀ ni,” ló wí. “Télọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló wà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti àná, mo rò pé ó lọ sí ìsọjí ni.”

Mo gba ìwé náà wò. Ìrẹ̀mídé, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́rú, agogo mẹ́wàá àárọ̀. A ti pe gbogbo oníbàárà wa tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ká ní orúkọ Ọmọ́fẹ́ wà níbi tó yẹ kó wà, ìgò yẹn kì bá ti sí lórí pẹpẹ mọ́ nígbà tí Bọ́sẹ̀ wọlé. Mo ka àkókò náà títí lẹ́tà rẹ̀ fi ń jó lójú mi.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé Bọ́sẹ̀ ló sọ fún wa. “Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ yẹn ò tọ̀ láti Sátidé.”

Orí bẹ́ǹṣì la ti bá Bọ́sẹ̀, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, téèpù ìwọ̀n aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgò náà wà nínú ọ̀rá dúdú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní dókítà ló ní kí òun kó gbogbo ohun tí ọmọ mu wá. Nígbà tó rí Ọmọ́fẹ́, ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá wo òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà, kò sì mọ̀ mí. Mo fún dókítà ní lẹ́tà náà, tí mo mú dání wá. Ó kà á, ó ká a, ó sì wọlé lọ.

Ìrẹ̀mídé kú ní Ọjọ́bọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ará àdúgbò ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́fẹ́. Wọ́n ní ó mọ̀, wọ́n ní ó ṣì ń tà á. Wọ́n fa pátákó rẹ̀ já. Ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé. Ó yá fóònù pè mí láti àgọ́ wọn ní àárọ̀ Jímọ̀.

“Àǹtí, wọ́n ní wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín bóyá ẹ ti pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá wò ó níbẹ̀, wọ́n máa rí i pé ẹnì kankan ò pè mí. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́.”

Mo ní màá wò ó.

Ìwé ọlọ́pàá ti dé ọ́fíìsì kí n tó débẹ̀, Dúpẹ́olúwa sì ti tẹ ìdáhùn jáde. Ó gbé e síwájú mi. Sàláwù àti Àwọn Ọmọ, gbogbo ẹ̀ka: a pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti dá ọjà padà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àyè wà fún ẹni tó ń tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà láti fọwọ́ sí i.

“Èyí á pa á,” ni mo wí.

“Mi ò ní kí ẹ purọ́, Madam Safiyyah. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ṣé irọ́ kan wà níbẹ̀?”

Mo wá irọ́ náà títí, mi ò rí i. A pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni nọ́ńbà dáhùn. Ó ní òun ti dá tòun padà. Òótọ́ ni lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òótọ́ yẹn ló sì máa sọ fún ọlọ́pàá pé Ọmọ́fẹ́ gbọ́, pé ó dáhùn, pé ó tún gbé oògùn náà fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú bí mi sí Dúpẹ́olúwa, inú mi ì bá sì dùn ká ní mo lè máa bínú sí i lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló tẹ bọ́tìnnì.

“Ẹ fọwọ́ sí i,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ ní ọmọ nílé. Ẹ ro ti iṣẹ́ yín.”

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Nǹkan kan wà tí àwọn tí kì í ṣe irú iṣẹ́ mi ò mọ̀: tí a bá pa orúkọ kan rẹ́, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé ẹni tó pa á rẹ́. Mo wá ọjọ́ Jímọ̀ oṣù kejì náà kàn. Ó jáde wá lójú ewé méjì, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélọ́gọ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Ọmọ́fẹ́ wà ní ìlà kẹrìnlélógójì. Ní òkè ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó dá a lójú, Safiyyah Àlàó.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mú ìwé awakọ̀ tí Ọmọ́fẹ́ fọwọ́ sí mọ́ ọn. Mi ò fọwọ́ sí ti Dúpẹ́olúwa, mi ò sì fà á ya. Mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo wọ Micra.

Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà àgọ́ náà jẹ́ àgbàlagbà, gíláàsì rẹ̀ wà lórí imú. Ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ka àdírẹ́sì wọn sókè, títí ó fi dé Agbowó. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn ògiri tó ń gbàdúrà, mo sì mọ ohùn náà.

“Ẹ ní wọn ò pè é.”

“Wọn ò lè pè é, sà. Ẹnì kan ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè.”

Ó padà sókè ìwé náà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ta ni Safiyyah Àlàó yìí?”

“Èmi ni.”

Ó wo káàdì ọrùn mi, ó wo ojú mi, ó fa ìwé ńlá kan súnmọ́ra, ó sì ní kí n jókòó.